FÓÒNÙ ỌWỌ́ WA ÀTI ÀLÀÁFÍÀ ỌKÀN WA

Ẹ̀kọ́ Bíbélì fún Àjọ̀dún

Bíbélì kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:1–18. Kí a tún ka Orin Dáfídì 73 àti Jákọ́bù 3:1–12 nílé.

  

Lónìí, láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjọ títí dé ọmọ tí ó kéré jù nínú ẹgbẹ́ akọrin, fóònù wà lọ́wọ́ wa. A kò kọ ẹ̀kọ́ yìí láti bú fóònù. Nígbà tí ìjọba sé Ìpínlẹ̀ Ògùn, Èkó àti Àbújá mọ́lé ní 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ṣebí orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ ìwàásù. Ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń rí ojú ìyá rẹ̀ ní Ìlíṣàn lójoojúmọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀. Ọmọ tí ó máa ń ṣe àwàdà tẹ́lẹ̀ kì í bá ará ilé sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó ilé tí inú rẹ̀ dùn sí ilé rẹ̀ ní àárọ̀, kí ó tó di ọ̀sán ó ti gbà pé ayé òun ti bàjẹ́, kìkì nítorí àwòrán ilé ẹlòmíràn tí ó rí. Baba tí ó yẹ kí ó ti sùn ní aago mẹ́wàá, aago méjì òru bá a nídìí fídíò. Bí wọ́n bá dé iwájú pẹpẹ, wọ́n á ní kí a gbàdúrà, pé oorun kò kun àwọn, pé àyà àwọn ń já, pé ayé ń bá àwọn jà. A ó gbàdúrà, iṣẹ́ wa ni. Ṣùgbọ́n kí a tó dìde, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: kí ni a gbé sí abẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí a ń lọ sùn?

1. IṢẸ́ KAN TÍ Ó LÉ WÒLÍÌ DÉ AGINJÙ

Ẹ wo Èlíjà. Ní Òkè Kámẹ́lì, òun nìkan dúró níwájú 450 wòlíì Báálì. Ó gbàdúrà, iná sọ̀kalẹ̀. Ó tún gbàdúrà, òjò rọ̀. Kò pẹ́ sí i, ìránṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ Jésébẹ́lì. Jésébẹ́lì kò fi ọwọ́ kàn án, kò sì rán ọmọ ogun sí i. Ọ̀rọ̀ lásán ni ó rán. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó lé ọkùnrin alágbára yìí kúrò nílùú, ó fi ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bééṣébà, ó sì dá nìkan wọ aginjù. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun.

Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta níbẹ̀. Èkíní, àárẹ̀ ti mú un kí iṣẹ́ burúkú náà tó dé bá a. Èkejì, ó yà kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn. Ẹ̀kẹta, ó ka iye kò pé: ó ní òun nìkan ni ó kù, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún méje ènìyàn wà ní Ísírẹ́lì tí kò tẹ eékún fún Báálì.

Ẹni tí ọ̀run fi iná dá lóhùn ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ikú yìí o. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe wí fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó.

Lóde òní, iṣẹ́ bí irú ti Jésébẹ́lì kò nílò ẹlẹ́ṣin. Ó lè dé bá wa ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́, nígbà tí ó ti rẹ̀ wá, tí a dá wà lórí ibùsùn. Òun náà ni ó sì máa ń sọ fún wa pé àwa nìkan ni ó kù, pé gbogbo ayé ti ń lọ síwájú, àwa nìkan ni a jókòó sójú kan.

2. ỌGBỌ́N ÒWÒ TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ń rò pé ọ̀fẹ́ ni Facebook, Instagram àti TikTok, yàtọ̀ sí owó dátà. Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Owó ìpolówó ọjà ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà fi ń jẹun. Bí ojú wa bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni ìpolówó tí a ó rí yóò ṣe pọ̀ tó. Ojú wa gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣe é kí ó má lópin. Ní 2006 ni ọmọ Amẹ́ríkà kan, Aza Raskin, ṣe ọgbọ́n ojú ewé tí kì í tán, tí ó jẹ́ pé bí a ti ń fà á ni òmíràn ń yọ. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Ìwé ní ojú ewé ìkẹyìn. Ìwàásù, bó ti wù kí ó gùn tó, ó ní àmín. Ìṣọ́ òru pàápàá, ilẹ̀ á mọ́ bá a. Ṣùgbọ́n nǹkan yìí kò ní àmín. Bí ẹni tí ń wò ó kò bá ṣe àmín fún ara rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a ṣe é.

Ní 2009, Facebook tún mú àmì àtàǹpàkò wá, èyí tí a fi ń sọ pé ohun kan wù wá. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀ kò ní ìsinmi mọ́. Á ṣí i wò, á tún ṣí i wò, bóyá iye àtàǹpàkò ti gòkè. Bí kò bá pọ̀, á rò pé àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn òun. Kì í ṣe gbogbo èyí ni a ó máa pè ní ẹ̀mí òkùnkùn. Ọgbọ́n òwò ni. Ohun tí a bá sì ti mọ̀ bí a ṣe ṣe é, a lè mọ̀ bí a ó ṣe kápá rẹ̀.

3. ÀÌSÀN TÍ Ó MÚ ÁSÁFÙ

Nínú Orin Dáfídì 73, Ásáfù jẹ́wọ́ pé díẹ̀ ni ó kù kí ẹsẹ̀ òun yọ̀, nítorí pé òun ń wo ìgbádùn àwọn ẹlòmíràn. Ó wò ó títí ó fi rò pé asán ni gbogbo ìwà mímọ́ òun. Ojú ni àìsàn náà gbà wọlé. Bí Ásáfù tí kò ní fóònù bá lè ṣàìsàn yìí, kí ni kí a sọ nípa ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ń wo ọgọ́rùn-ún ilé, ọgọ́rùn-ún mọ́tò àti ọgọ́rùn-ún ayẹyẹ ìgbéyàwó kí ó tó jẹun àárọ̀?

Ẹ rántí pé ẹni tí ó ya àwòrán aṣọ ẹbí kò ya àwòrán gbèsè aṣọ náà. Ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nínú fídíò kò fi ẹkún òru hàn wá.

Àwọn onímọ̀ ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2018, ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ 143. Wọ́n ní kí àwọn kan máa lo Facebook, Instagram àti Snapchat fún ìṣẹ́jú 10 péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, kí àwọn yòókù máa lò ó bí wọ́n ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdánìkanwà àti ìrẹ̀wẹ̀sì dínkù lára àwọn tí wọ́n dín in kù. Ní 2023, àgbà dókítà ìjọba Amẹ́ríkà, Vivek Murthy, kìlọ̀ pé ọ̀dọ́ tí ó bá ń lò ju wákàtí mẹ́ta lọ lórí àwọn ìkànnì wọ̀nyí lójúmọ́, ewu kí ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn di ìlọ́po méjì. Kò túmọ̀ sí pé fóònù nìkan ni ó ń fa àìsàn ọkàn o. Ebi, àìríṣẹ́, ọ̀fọ̀ àti ìjà inú ilé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó ti wúwo tẹ́lẹ̀, fóònù lè gbé òkúta lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìlíṣàn gan-an. Láti 1959 tí àwọn Adventist ti dá ilé ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ níhìn-ín, èyí tí ó di Yunifásítì Babcock ní 1999, ìlú wa ti di ìlú ọ̀dọ́. Ọmọ onílé àti ọmọ àlejò ń gbé láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè àlàáfíà wọn, kí á má kàn máa gba owó ilé.

4. OMI IYỌ̀ ỌDÚN 2014

Ẹ̀yin àgbà kò ní gbàgbé. Ní oṣù keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó. Ní oṣù kẹjọ, ní òru ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù kárí Nàìjíríà pé kí gbogbo ènìyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Ìyá ń pe ọmọ, ọmọ ń jí bàbá. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, ó kéré tán ènìyàn méjì ti kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu, a sì gbé àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwòsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láti kìlọ̀ fún gbogbo ayé. Nígbà tí a kéde ní 20 October 2014 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola, kì í ṣe iyọ̀ ni ó ṣe é. Àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń wá àwọn tí ó ti fara kan aláìsàn kiri láti ilé dé ilé, àwọn ni Ọlọ́run lò.

Kí ni a rí kọ́? Ìfẹ́ ni ó mú kí ìyá pe ọmọ rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ìròyìn èké kì í gun ẹṣin ìkórìíra nìkan, ó máa ń gun ẹṣin ìfẹ́ àti ti ẹ̀rù.

Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ń pa ènìyàn, àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjọ St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítòsí wa níbí, kó ara wọn jọ fún àdúrà. J. B. Shadare wà lára wọn. Ibẹ̀ wà lára gbòǹgbò Aládùúrà. Ẹ̀rù ọdún 1918 kó àwọn baba wa jọ sí ẹsẹ̀ Olúwa. Ẹ̀rù ọdún 2014 tú olúkúlùkù ká sí ìdí garawa omi iyọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan náà ni ẹ̀rù, ibi tí a gbé e lọ ni ó yàtọ̀.

5. ÌRAN LÓRÍ WHATSAPP

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ó kan àwa Aládùúrà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Ó ti di àṣà kí aríran kan jí ní aago kan òru, kí ó sì fi ìran rẹ̀ sí orí WhatsApp ìjọ: pé òun rí pósí, pé òun rí aṣọ funfun lára ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo Adé, Àìná àti Àbẹ̀kẹ́ inú ìjọ kò lè sùn mọ́. Èyí tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú wọn ńkọ́? Aboyún ńkọ́?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe é. Aríran á lọ bá àwọn alàgbà, wọn á kọ ìran náà sílẹ̀, wọn á gbé e yẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí Pọ́ọ̀lù ti pa á láṣẹ nínú 1 Kọ́ríńtì 14:29. Lẹ́yìn náà ni wọn á pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sí kọ̀rọ̀, wọn á fún un ní iṣẹ́ àdúrà, wọn á sì bá a ṣe é. Ìran tí kò ní ìtọ́jú nínú, ẹrù lásán ni ó jẹ́ lórí ẹni tí ó gbọ́ ọ. Nítorí náà a ń bẹ̀bẹ̀: kí ìran má ṣe gba orí WhatsApp mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn ẹni, oyún ọmọ ẹni, àti ìjà tọkọtaya. Ọ̀rọ̀ tí a bá ti fi ránṣẹ́, bí ẹyin ni, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

6. ÌTỌ́JÚ TÍ ỌLỌ́RUN FÚN ÈLÍJÀ

Ẹ padà sínú Bíbélì kíkà wa. Ọlọ́run kò bá Èlíjà wí lábẹ́ igi yẹn. Ó jẹ́ kí ó sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi. Ó tún sùn, ó tún jẹun. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó dé, kò sì sí nínú ìjì, tàbí nínú ìṣẹ̀lẹ̀, tàbí nínú iná. Inú ohùn jẹ́jẹ́ ni ó ti gbọ́ ọ. Ọlọ́run wá tún ìṣírò rẹ̀ ṣe, Ó fún un ní iṣẹ́, Ó sì fún un ní Èlíṣà gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì. Oorun, oúnjẹ, ìdákẹ́jẹ́, òtítọ́, iṣẹ́, àti ènìyàn: ìwọ̀nyí ni oògùn mẹ́fà náà. Ẹ wò ó bí fóònù tí a kò kápá ṣe ń jí gbogbo wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ogún yìí wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn níbí. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn Arò. Dípò kí ó ti gbogbo aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó fi wọ́n sọ́dọ̀ àwọn ìdílé ní àwọn abúlé tí ó yí Arò ká, pẹ̀lú ará ilé wọn kan. Wọ́n ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n sì ń bá ará abúlé jẹ, wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ayé wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀, Lambo sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ènìyàn ni aṣọ mi, ni Yorùbá wí. Lambo mọ̀ pé aṣọ náà ń mú ọkàn móoru.

7. ÀÀWẸ̀ OJÚ

A mọ ààwẹ̀ gbígbà. Ní Ògèrè, níbi tí J. O. Ositelu ti dá Church of the Lord, Aladura, sílẹ̀ ní 1930, ọ̀pọ̀ èrò ń gun Òkè Taborar ní oṣù kẹjọ ọdọọdún lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ 13. Ikùn wa mọ ààwẹ̀, ojú wa ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ báyìí:

(1) Àdúrà ni kí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa láàárọ̀, kí ọwọ́ tó kan fóònù. Ẹni tí ó bá ní aago fóònù ni ó ń jí òun, kí ó ra aago kékeré.

(2) Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí fóònù gbogbo ilé sùn sí pálọ̀, ti bàbá àti ti ìyá pẹ̀lú. Ọ̀dọ́ nílò oorun wákàtí 8 sí 10, àgbà nílò wákàtí 7 ó kéré tán. Ọmọ kì í gbọ́ ohun tí a sọ bí kò bá rí i kí a ṣe é.

(3) Ẹ pa agogo rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Kí á ṣí i ní ìgbà tí àwa fẹ́, kì í ṣe ní ìgbà tí ó bá pè wá. Ìpè ará ilé nìkan ni kí ó máa dún.

(4) Kí á fún un ní àkókò, bóyá ìdajì wákàtí ní ọ̀sán àti ìdajì wákàtí ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá pé, kí á ṣe àmín.

(5) Àwa ará Rẹ́mọ mọ̀ bí a ti ń ṣa obì. A kì í fi èyí tí kòkòrò ti jẹ sínú agbọ̀n èyí tí ó dára. Ojú ìwé ẹni tí ó máa ń mú ìlara, ìbínú tàbí ìbẹ̀rù wá bá ọkàn rẹ, ṣà á kúrò.

(6) Kí á tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kí á bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: òótọ́ ni bí? Ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́? Ṣé mo lè sọ ọ́ lójú ẹni tí ó kàn? Bí WhatsApp bá fi ọfà méjì sí orí ọ̀rọ̀ kan, ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Ẹ fura sí i. Láti April 2020, WhatsApp fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí a darí irú rẹ̀ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

(7) Ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí á gba ààwẹ̀ rẹ̀ pátápátá, kí á sì fi àyè náà bẹ ẹnì kan wò. Ààwẹ̀ tí a kò fi ohun rere dípò, ebi lásán ni.

8. BÍ Ó BÁ JU ÈYÍ LỌ

Àìsàn wà tí fífi fóònù sílẹ̀ nìkan kò lè wò. Bí ẹnì kan kò bá lè sùn tàbí jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohunkóhun kò dùn mọ́ ọn mọ́, tàbí tí ó ní ó sàn kí òun kú, ẹ má kàn pariwo pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í pé kí ló dé. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ má so ó mọ́lẹ̀, ẹ má nà án, ẹ má febi pa á ní orúkọ ìgbàgbọ́. Ní January 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958, ẹ̀tọ́ aláìsàn sì wà nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti Babcock wà ní Ìlíṣàn níbí, ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù, Arò sì wà ní Abẹ́òkúta. Àdúrà kò lòdì sí dókítà. Áńgẹ́lì tí ó wá bá Èlíjà, oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ gbé wá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú oògùn mẹ́fà tí Ọlọ́run fún Èlíjà, èwo ni ó ṣọ̀wọ́n jù nínú ilé rẹ?
2. Kí ni ó yí ọkàn Ásáfù padà ní Orin Dáfídì 73:17?
3. Báwo ni ìjọ wa ṣe lè ṣe ètò ìran kí ó má máa dá ìpayà sílẹ̀?
4. Ta ni ẹni tí a kò rí ní ilé Ọlọ́run fún oṣù kan, tí a sì ń rò pé ara rẹ̀ le nítorí pé a ń rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù? Ta ni yóò lọ bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí?

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run Èlíjà, fún wa ní oorun ìsinmi. Ṣọ́ ojú wa àti ìka ọwọ́ wa. Ẹni tí ó jókòó sábẹ́ igi ìrẹ̀wẹ̀sì láàárín wa, jẹ́ kí a rí i, kí a sì gbé oúnjẹ àti omi tọ̀ ọ́ lọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa rò pé òun nìkan ni ó kù. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.